Ìyá Àgbà Mi àti Tọ́ọ̀ṣì Olójú Mẹ́rin

Nígbà tí ìyá àgbà mi kú, àwọn tó wá bá wa kẹ́dùn nílé ìyá mi ní Òkìtìpupa, níbi tó kú sí, ń sọ pé ó fẹ́ràn gbogbo èèyàn. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi, mò ń dáhùn pé ẹ ṣeun, ẹ kú àdúrótì, ṣùgbọ́n mo mọ̀ nínú mi pé bí òkú bá ń gbọ́ ọ̀rọ̀, obìnrin yẹn ì bá ti bi wọ́n léèrè pé ta ló rán wọn níṣẹ́. Ìyá Orímisan, bí gbogbo abúlé ṣe ń pè é, kò fẹ́ràn gbogbo èèyàn. Gbogbo èèyàn ló ń fura sí. Ó ń fura sí ẹni tó bá kí i jù, ó sì ń fura sí ẹni tí kò bá kí i rárá. Bí òjò bá dáwọ́ dúró lójijì, á gbójú sókè wo ọ̀run bí ẹni pé wọ́n fi nǹkan pamọ́ fún un níbẹ̀. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ ọmọ rẹ̀ gan-an, tí mo bá ti Àkúrẹ́ dé láìsọ tẹ́lẹ̀, ohun tó máa kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ta lẹ jọ jà?"

Mi ò lè kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí mi ò mọ̀ ọ́n. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ìyá mi fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí fún un, tó bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ ọdún tí wọ́n bí i, ó yí ẹja tó wà lórí iná padà, ó ní, "Ẹni tó bá mọ ọjọ́ tí wọ́n bí mi, kò ní pẹ́ fẹ́ mọ ọjọ́ tí màá kú."

Abúlé wa kò jìnnà sí Mólútẹ̀hìn, lórí omi ni. Ilé pákó tó dúró lórí òpó ni gbogbo wa ń gbé, afárá pákó la sì fi ń ti ilé kan dé èkejì. Ẹja yíyan ni iṣẹ́ rẹ̀. Ilé tó ti ń yan ẹja ní ilẹ̀kùn méjì, ọ̀kan sí ojú afárá, ọ̀kan sí ojú omi, ọkọ̀ kékeré kan sì máa ń wà ní síso sí ti ẹ̀yìn yẹn. Bó bá jókòó, ògiri ló máa ń fẹ̀yìn tì. Bí àlejò bá ń jẹ púpurú níwájú rẹ̀, kì í wo ẹnu rẹ̀, ojú rẹ̀ ló máa ń wò, bóyá ó ń yọ́jú wo ẹnu ọ̀nà.

Ó tún ní àṣà kan. Ohun tó bá bi ọ́ lónìí, á dúró kí o gbàgbé, á tún bi ọ́. Nígbà tí mo mú Dàpọ̀, ọkọ mi, wá fún un pé kó wò ó, ó bi í pé irú iṣẹ́ wo ni bàbá rẹ̀ ń ṣe. Dàpọ̀ ní káfíńtà ni. Wọ́n sọ̀rọ̀ òjò, wọ́n sọ̀rọ̀ òkun tó ń jẹ ilẹ̀ Aràrọ̀mí lọ, wọ́n sọ̀rọ̀ àìsàn orúnkún rẹ̀. A ti wọ ọkọ̀ tán, ẹni tó ń wà wá ti ti àjẹ̀ bọ omi, ni ìyá àgbà mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí afárá, ó ní, "Ọkọ wa, mo ti gbàgbé o, irú iṣẹ́ wo lo ní bàbá rẹ ń ṣe?" Dàpọ̀ ní, "Káfíńtà ni, Màmá." Ó mi orí, ó ní ká máa lọ. Ó pẹ́ kí n tó bi í ní ìdí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Irọ́ kì í rántí ara rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ tọ́ọ̀ṣì ló wá gbé ìwà rẹ̀ yìí síta fún gbogbo abúlé.

Nígbà tí tọ́ọ̀ṣì kéékèèké wọ̀nyí dé, irú èyí tí kò ju ìka ọwọ́ lọ, tó ṣeé kì bọ ìgbáròkó ìró, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, Orímisan, ra ọ̀kan fún ìyá rẹ̀. Ó tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, iná funfun gbáà kan dé ilé kejì. Ó pa á, ó dá a padà fún ọmọ rẹ̀. Ó ní iná tí kì í béèrè lọ́wọ́ èèyàn kó tó là, òun kò fẹ́. Lọ́jọ́ ọjà, ó ní kí n sin òun lọ sí Igbókọ̀dá, òun fẹ́ lọ yan tòun fúnra òun.

Ojú ń tì mí lọ́jọ́ náà. Oòrùn mú, kò sì sí bó ṣe lè mọ bí iná ṣe rí nínú oòrùn, nítorí náà ó fa ìborùn rẹ̀ bo orí àti tọ́ọ̀ṣì pọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan lábẹ́ aṣọ. Àwọn èèyàn ń kọjá, wọ́n ń wo obìnrin àgbà tó borí níwájú àtẹ.

Ọmọkùnrin tó ń tà á ní, "Màmá, kí lẹ̀ ń wá nínú aṣọ?"

"Iná tó kéré jù ni mò ń wá."

"Ẹ̀yin nìkan lẹ ti bi mí ní iná kékeré. Èyí tó ń mọ́lẹ̀ dé òdìkejì odò ni àwọn èèyàn ń rà."

Ó yọ orí jáde. Ó ní, "Ẹni tó wà ní òdìkejì odò ńkọ́? Ṣé ó ti sọ fún ọ pé òun fẹ́ rí mi?"

Ohun tó ń wò kì í ṣe kí iná kéré nìkan. Irú tọ́ọ̀ṣì yìí ní ojú mẹ́rin, bí èèyàn bá ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni iná rẹ̀ ń yí láti ojú kan sí èkejì; ó ń wo èyí tó máa kọ́kọ́ là bí a bá tẹ̀ ẹ́. Ó ń wò ó bóyá iná náà máa rántí ibi tí wọ́n ti pa á, tàbí ó máa bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó le. Ó ń wo bó ṣe ń kú, bóyá ẹ̀ẹ̀kan náà ni tàbí ó gbọ́dọ̀ gba gbogbo ojú rẹ̀ kọjá. Ó dá ọ̀pọ̀lọpọ̀ padà sórí àtẹ. Ọmọkùnrin náà ti kẹ́yìn sí wa kó tó rí èyí tó tẹ́ ẹ lọ́rùn: tó bá là, èyí tó kéré jù ló ń kọ́kọ́ là, tí o bá sì di bọ́tìnnì rẹ̀ mú díẹ̀, ibi yòówù kó wà, ó ń kú.

Nínú ọkọ̀ tí a wọ̀ padà sílé ló ti sọ ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lórúkọ. Èyí tó kéré jù ni Jẹ́ẹ́jẹ́. Orí omi àti orí afárá ló wà fún, èèyàn sì gbọ́dọ̀ fi ìka bo ẹnu rẹ̀ títí ìmọ́lẹ̀ á fi pọ́n bí ẹyin iná. Èyí tó tẹ̀ lé e ni Jẹun-sùn, ti inú yàrá, lẹ́yìn tí o bá ti ti ilẹ̀kùn. Ẹ̀kẹta, tó le jù, ni Ẹ-wá-wò-mí. Àyàfi tí èèyàn bá já sómi, tí wọ́n ń wá a. Èyí tó ń ṣẹ́jú pàápàápàá, ó pè é ní Wèrè, ó ní kí n má tẹ̀ ẹ́ láéláé níbi tí òun bá wà. Mo ní, "Ìyá, ṣé Jẹ́ẹ́jẹ́ yìí wá tó èèyàn ríran?" Ó ní, "Iná tó bá fi ibi tí o ń gbẹ́sẹ̀ lé hàn ọ́ ti tó. Èyí tó bá lé lórí ìyẹn, ọ̀tá rẹ lò ń tàn án fún."

Ó ní kí Orímisan náà máa tan Jẹ́ẹ́jẹ́ nìkan lórí omi, ṣùgbọ́n Orímisan kò gbà. Apẹja ni, ó mọ omi, ó sì ní ọkọ̀ elẹ́ńjìn máa ń sáré kọjá lójú odò ńlá láìwo ẹnì kankan. Ó ní, "Ìyá, bí mo bá fi iná tín-ín-rín rìn lójú odò ní ìdájí, wọn ò ní rí mi. Wọ́n á gba orí mi kọjá ni." Ìyá rẹ̀ ní kó gba ẹ̀gbẹ́ igbó. Ó ní ẹja kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó. Ọ̀rọ̀ di ariwo lórí afárá, àwọn ará ilé tó kù sì wá ń là wọ́n. Orímisan so tọ́ọ̀ṣì ńlá mọ́ iwájú ọkọ̀ rẹ̀, ó sì ń tàn án. Láti ìgbà náà, ìyá àti ọmọ kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́ bí kò ṣe nípasẹ̀ ìyàwó Orímisan. Á ní, "Sọ fún ọkọ rẹ pé ẹja rẹ̀ ti gbẹ." Orímisan tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á ní, "Sọ fún Ìyá pé mo ti gbọ́."

Mo rò pé agídí lásán ni, títí di ọ̀sán kan tí èmi àti rẹ̀ nìkan wà nínú èéfín. Ó sọ fún mi nípa ìjà orí omi ti àkọ́kọ́, nígbà tí ìyá mi ṣì kéré, tí abúlé ń jóná lọ́tùn-ún lósì, tí àwọn èèyàn ń sá gun òkè lọ sí Igbókọ̀dá àti Òkìtìpupa. Bàbá àgbà mi ní òun kò lè fi àwọ̀n òun sílẹ̀ kó jẹrà. Ó jáde ní ìdájí, ó gbé àtùpà sí iwájú ọkọ̀. Wọ́n gbọ́ ìbọn kan ṣoṣo. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, omi gbé ọkọ̀ náà padà wálé fúnra rẹ̀. Kò sunkún bó ṣe ń sọ ọ́. Ó kàn ń to ẹja, ó ń tún un tò. Ó ní, "Àtùpà yẹn kò kú. Bàbá àgbà rẹ ló kú."

Ìgbà tí ìjà tún padà sórí omi ni ọ̀rọ̀ Tíṣà ṣẹlẹ̀. Ti ẹ̀ẹ̀kejì yìí, kì í ṣe pé abúlé kan ń gbógun ti ìkejì ní gbangba. Àwọn agbébọn ló fara pamọ́ sínú igbó omi, wọ́n ń gba ẹ́ńjìn, wọ́n ń gbé èèyàn lọ. Kò sẹ́ni tó mọ̀ wọ́n. Nítorí náà, gbogbo abúlé bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn: ta ló ń sọ fún wọn? Ayé wá dà bí ìyá àgbà mi.

Tíṣà Gbádébọ̀ ni ìjọba rán wá sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, ó tinrin, ó ń bẹ̀rù omi. Yàrá kan létí èbúté ló ń gbé. Bí oòrùn bá wọ̀ tán, á lọ dúró sí ìpẹ̀kun èbúté, níbi tí fóònù ti ń gbà díẹ̀, á bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀, á sì padà wọlé. Ìyá àgbà mi ń wò ó láti ojú fèrèsé. Ó rí i pé kó tó wọlé, iná ọwọ́ rẹ̀ máa ń ṣẹ́jú sójú omi. Ó rí i lónìí, ó rí i lọ́la. Ó pa á mọ́ sínú.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé Mafimí, ọ̀rẹ́ Orímisan, lọ tòun ti ẹ́ńjìn rẹ̀. Ìyá àgbà mi wọ ìró rẹ̀, ó gba ilé Ọlọ́jà lọ, ìyẹn olórí abúlé wa, ó sì sọ ohun tó rí. Ó ní, "Tíṣà ń ṣẹ́jú sí ẹnìkan."

Ọ̀rọ̀ náà kò sùn sí ilé Ọlọ́jà. Mo wà nílé lákòókò náà, mo gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, a gbọ́ ariwo létí èbúté. Àwọn ọ̀dọ́ ti fi okùn àwọ̀n di Tíṣà lọ́wọ́ sẹ́yìn. Bàtà rẹ̀ kan ti já sómi. Ọ̀kan nínú wọn ti ń fa ọkọ̀ sún mọ́ tòsí, ó ní kí wọ́n gbé e lọ sójú agbami kó lọ ṣẹ́jú sí àwọn ẹja. Gbogbo wa mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Olórí àwọn ọ̀dọ́, Dúró, rán ẹnìkan wá pe ìyá àgbà mi. Ó ní, "Ẹ ní kí Ìyá wá sọ ohun tí wọ́n rí, ká lè parí rẹ̀."

Ó jáde tòun ti eérú lọ́wọ́. Mo tẹ̀ lé e. Àwọn èèyàn la ọ̀nà fún un. Ó dúró níwájú ọkùnrin náà, ó sì bá a sọ Yorùbá ilé-ìwé, bí ẹni wọ aṣọ àyálò.

"Tíṣà, iná tí o máa ń tàn sójú omi, kí lò ń fi í ṣe?"

"Màmá, mo kàn ń pa á ni."

Àwọn ọ̀dọ́ hó lé e lórí. Ìyá àgbà mi kò bá wọn hó. Ó bi í ní orúkọ ìyàwó rẹ̀, ó bi í bóyá ọmọ ti ń rìn, ó bi í ohun tó jẹ láàárọ̀. Ọkùnrin náà ń dá gbogbo rẹ̀ lóhùn. Lẹ́yìn náà ló ní, "Mo ti gbàgbé ohun tí o sọ. Kí lo ní o ń fi iná yẹn ṣe?"

"Pípa ni mò ń pa á, Màmá. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín."

Mo rí i tí ojú ìyá àgbà mi yí padà. Ó na ọwọ́ sí Dúró pé kó gbé tọ́ọ̀ṣì náà wá. Oòrùn ń ràn gan-an, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè rí níbẹ̀. Ó ní kí Ọlọ́jà, Dúró àti Tíṣà máa bọ̀ nínú ilé tóun ti ń yan ẹja. Èmi náà wọlé. Ó ti ilẹ̀kùn méjèèjì.

Inú ibẹ̀ ṣú, èéfín sì kún un. Ó tẹ tọ́ọ̀ṣì Tíṣà, iná là gbáà, ó dúró nínú èéfín bí ọ̀pá. Ó tẹ̀ ẹ́, ó rẹlẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú, gbogbo ojú wa ń hàn, ó ń farasin. Ó tẹ̀ ẹ́, ó kú. Ó tún un ṣe. Ó di bọ́tìnnì mú bíi ti tirẹ̀, iná náà kò kú. Ó fà á lé Dúró lọ́wọ́, ó ní kó pa á láìjẹ́ kó ṣẹ́jú. Dúró gbìyànjú títí, kò rí i ṣe.

Dúró ní, "Ṣùgbọ́n Ìyá, ẹ̀yin lẹ sọ pé ó ń ṣẹ́jú sí ẹnìkan."

"Èmi ni. Mo rí iná, òótọ́ ni. Ẹnìkan yẹn ni mi ò rí. Èmi ni mo fi kún un."

Bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló fi mọ, màá ṣì máa rántí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ṣí ilẹ̀kùn, ó padà sí èbúté níbi tí gbogbo abúlé dúró sí, ó sì sọ ọ́ lójú gbogbo wọn. Ó ní òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, òun ló sì máa gbé e mì. Ó ní, "Ẹ̀rù ló ń bà mí. Mo mú ẹ̀rù, mo fi ṣe ẹlẹ́rìí." Kò sẹ́ni tó gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ọ̀dọ́ kan tó di ọkọ̀ mú kò gbà síbẹ̀. Ó ní, "Tó bá jẹ́ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ra irú rẹ̀ ńkọ́?"

Ìyá àgbà mi wò ó. Mo rí i pé ìbéèrè náà dùn mọ́ ọn nínú díẹ̀, torí irú tirẹ̀ ni. Ó ní, "Ìbéèrè tó dára ni. Ilé mi ló máa gbé láti òní. Bí ibi bá tọwọ́ rẹ̀ dé abúlé yìí, ẹ má wá a. Èmi ni kí ẹ gbé sínú ọkọ̀ yẹn."

Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi tú okùn náà. Ó ti rin, ó sì le, ó pẹ́ kó tó tú, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni ran òun lọ́wọ́. Nígbà tó tú u tán, ó di ọwọ́ ọkùnrin náà mú, ó ní, "Mo ṣẹ̀ ọ́, Tíṣà." Ó wá rọ tọ́ọ̀ṣì náà sí i lápò, ó ní, "Ó sì yẹ kí o ti ra èyí tó ń kú lẹ́ẹ̀kan."

Mafimí padà wálé nígbà tó yá, ó ti gbẹ bí ẹja yíyan. Ó ní àwọn tó gbé òun kò rí iná kankan, ìró ẹ́ńjìn òun ni wọ́n tẹ̀ lé láti ọ̀nà jíjìn. Lọ́jọ́ tí ìyá àgbà mi gbọ́ ìyẹn, ó rìn lórí afárá lọ sí ilé Orímisan, kò rán ìyàwó rẹ̀ ní ohunkóhun. Ó jókòó ti ọmọ rẹ̀. Wọ́n jọ pinnu rẹ̀: nínú odò kékeré àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó, kó tan Jẹ́ẹ́jẹ́, bó bá dé ojú odò ńlá tí ọkọ̀ elẹ́ńjìn ń gbà, kó tan Ẹ-wá-wò-mí. Orímisan sọ fún mi pé Ìyá ń wo ilẹ̀ nígbà tó ń sọ pé, "Mo fura sí iná títí mo fi gbàgbé láti fura sí òkùnkùn."

Tíṣà gbé ilé rẹ̀ títí ìjọba fi gbé e lọ sí ibòmíràn. Lẹ́yìn tó lọ, gbogbo ọjọ́ Àìkú ni Tíṣà ń pè é lórí fóònù Orímisan, nígbà tó sì dùbúlẹ̀ àìsàn, lórí fóònù mi tàbí ti ìyá mi. Ìyá àgbà mi á dáhùn, á bi í ní ọ̀rọ̀ ọmọ, kí fóònù tó kú á tún bi í ní ọ̀rọ̀ ọmọ.

Òwúrọ̀ tí a fẹ́ gbé òkú rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ sí èbúté Igbókọ̀dá, kí ọkọ̀ lè gbé e lọ sílé, ni Tíṣà ti Ìsẹ́yìn dé. Irun rẹ̀ ti funfun níwájú. Ó jókòó tì mí, ó ní òun fẹ́ sọ nǹkan tí òun kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Ó ní nígbà tí òun kó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, yàrá tó fara kan tirẹ̀ ló fún òun, òun sì ń dúpẹ́ pé àánú òun ló ṣe é. Nígbà tó pẹ́, ó sọ fún òun láìrẹ́rìn-ín pé, "Tíṣà, ẹni tí mi ò tíì mọ̀ tán, ibi tí mo ti lè gbọ́ ikọ́ rẹ̀ ni mo ń fi sí."

A rẹ́rìn-ín. Ó nu ojú, ó wá bi mí pẹ̀lú ìtìjú pé, "Ǹjẹ́ wọ́n tún wá sọ fún yín pé àwọn ti mọ̀ mí tán?"

Mo sọ òtítọ́ fún un. Nínú àìsàn tó pa á yìí, lẹ́yìn tí òun àti Tíṣà sọ̀rọ̀ tán lórí fóònù, mo bi í pé, "Ìyá, ṣé ẹ ti wá gba Tíṣà gbọ́ báyìí?" Ó ronú sí i dáadáa, ó ní, "Ó kù díẹ̀."

Tíṣà rẹ́rìn-ín títí omi fi ń dà lójú rẹ̀, títí kò fi yé mi mọ́ èwo ni ẹ̀rín. Nígbà tí wọ́n pe àwọn tó máa gbé pósí, ó dìde, ó ká apá agbádá rẹ̀ sókè, ó sì lọ di apá orí pósí náà mú. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wọ ọkọ̀ pẹ̀lú rẹ̀, òun tó ń bẹ̀rù omi.